Ilá Àjíbíkẹ́ Létí Òkun

Ìbògùn, nítòsí Ìfọ̀
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án, 2023

Ìbíwùnmí ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ o. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ara tèmi le, àfi ti dókítà tó ní kí n yé jẹ ata, àti ti etí mi tó ń di sí i lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbé ìpè ẹ lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí mo bá gbé e, èmi á máa pariwo, ìwọ á máa pariwo, gbogbo àdúgbò á gbọ́ ohun tá à ń sọ, èmi nìkan ni n kò ní í gbọ́. Lẹ́tà la ó máa kọ báyìí. Ìyá Jésùlayọ̀mi, aládùúgbò wa tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì, ti ní òun á máa ya tèmi ní fọ́tò sí ọ lórí fóònù, òun á sì máa tẹ tìẹ jáde fún mi. Mo mọ̀ pé á máa kà á. Kó máa kà á.

Gbémiga tó wá sinmi nílé ń padà sí Spain lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo sì fi nǹkan rán an sí ọ. Má sè é jẹ o. Irúgbìn ilá ìyá ẹ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti ta ilẹ̀ tí Àjíbíkẹ́ ìyá ẹ ń dá oko sí ní Ìbafò, tí wọ́n kọ́ ilé kún ibẹ̀, ẹ̀yìnkùlé mi nìkan ni ilá yẹn kù sí. Ilá kúkúrú, tó sanra, tí igi rẹ̀ pọ́n. Mo ti wá irú ẹ̀ dé ọjà Ìfọ̀, mo wá a dé Òkè-Arò, wọn ò mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyá ẹ ti pé ọdún méjì nínú ilẹ̀ báyìí, Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Nínú gbogbo ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́, kò ku nǹkan kan fún mi ju ìwọ àti ilá yìí lọ. Bó bá parun, ó parun nìyẹn.

Mo pín irúgbìn náà sí méjì. Ìdajì wà nínú ìgò lọ́dọ̀ mi, ìdajì ni Gbémiga ń gbé bọ̀. Mo dì í sínú àjákù ìró aláró rẹ̀, mo sì ta á ní kókó bó ṣe máa ń ta á.

Wàyí o, gbọ́ dáadáa. Má gbìn ín sínú ilẹ̀ gbígbẹ. Dúró de òjò. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, tí ilẹ̀ mu omi dé ìgúnpá, gbìn ín lọ́jọ́ kejì, mẹ́ta mẹ́ta nínú ihò kan. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, òjò ò parọ́ fún mi rí.

Bá mi kí ìyá arúgbó tí ò ń tọ́jú.

Bàbá ẹ,
Ṣàràfá Ọmọlabí.


Nítòsí Tarragona, Spain
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹwàá, 2023

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o, sà. Ẹ kú àtijọ́. Ẹ kú ìrọ́jú àìjẹ ata náà, mo mọ̀ pé ẹ ń jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀.

Ilá dé láyọ̀. Nígbà tí mo rí àjákù ìró yẹn, mo fi bo imú fún ìgbà pípẹ́ kí n tó tú u. Èéfín ilé ìdáná wa ṣì wà lára ẹ̀. N kò ní í fọ̀ ọ́ láéláé. Mo ti gbé e kọ́ sára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Ẹ̀yìn ilé Ìyá Montse tí mò ń tọ́jú ni ọgbà wa wà. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni Ìyá yìí, ọ̀pá ló fi ń rìn, ṣùgbọ́n ẹnu ò fi ọ̀pá rìn. Téèyàn bá dúró níbi kànga, ó ń rí òkun. Láti oṣù kẹfà tí mo ti dé ilé yìí títí wọ oṣù kẹsàn-án, bóyá lẹ́ẹ̀mejì ni òjò kán. Ilẹ̀ sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà rí. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó rọ̀ fún odidi ọjọ́ méjì. Inú mi dùn bíi pé ẹnì kan ló ti ilé dé. Mo ki ọwọ́ bọ ilẹ̀, ó tutù dé ìgúnpá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́! Lọ́jọ́ kejì, mo gbin gbogbo ohun tó wà nínú kókó yẹn, n kò fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Ìyá Montse jáde bá mi níbẹ̀. Ó wo irúgbìn tó wà lọ́wọ́ mi, ó mi orí, ó na ọ̀pá sí ojú ọ̀run, ó wá di ara rẹ̀ mú, ó ń gbọ̀n. Èdè ìlú wọn ló ń sọ, n kò sì tí ì gbọ́ ọ tó. Mo sáré wọlé lọ mú súwẹ́tà wá fún un. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó ju súwẹ́tà náà sílẹ̀, ó bínú wọlé? Àgbà ti ń dé sí i.

Ọmọ yín tó ti di àgbẹ̀,
Ìbíwùnmí.


Ìbògùn
Ọjọ́ karùndínlógún, oṣù kọkànlá, 2023

Ìbíwùnmí ọmọ mi,

Alihamudulilahi! Mo ka lẹ́tà ẹ fún Olúsànyà tá a jọ ṣe olùkọ́, mo ní kó wá gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń dáko nílùú òyìnbó. Ó ní òun ò gbàgbọ́. Nítorí náà, ya fọ́tò. Ó ti ń lọ sí oṣù kan, ilá náà á ti tó orúnkún.

Ọyẹ́ ti ń yọjú níbí, ètè mi ti bó. Irúgbìn tèmi wà nínú ìgò, ó ń dúró de òjò oṣù kẹta. Ìyá tó ń gbọ̀n yẹn, máa fún un ní tíì gbígbóná. Fọ́tò o.

Bàbá ẹ.


Nítòsí Tarragona
Ọjọ́ kejì, oṣù kejìlá, 2023

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pẹ́, iṣẹ́ ló pọ̀. Oko ń ṣe dáadáa. Fọ́tò nìyí, ẹ wo bí ewé ṣe tutù yọ̀yọ̀. Ẹ bá mi kí Bàbá Olúsànyà.

Ọmọ yín,
Ìbíwùnmí.


Ìbògùn
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejìlá, 2023

Ìbíwùnmí,

Etí mi ló di, ojú mi ò fọ́.

Ewé ilá máa ń la ìka bí ọwọ́ èèyàn. Ewé tó o fi ránṣẹ́ sí mi kò ní ìka kankan, róbótó róbótó ni, ó sì ní òdòdó funfun tí ojú dúdú wà láàárín ẹ̀. Ẹ̀wà ni. Ẹ̀wà lo yà ní fọ́tò, lo fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀! Olúsànyà kọ́kọ́ rí i, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́.

N kò béèrè ẹ̀wà lọ́wọ́ ẹ. Ilá ìyá ẹ dà?

Bàbá ẹ.

Àbúrò mi, Ìyá Jésùlayọ̀mi ni o. Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ bá wa tètè dá Bàbá lóhùn. Gbogbo oníbàárà tó bá wá ṣe fọ́tòkọ́pì ni wọ́n ń fi fọ́tò yẹn hàn, wọ́n á ní, “Wò ó, ilá ha nìyí?” Àwọn míì tiẹ̀ ti ń sá.


Ìbògùn
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kejì, 2024

Ìbíwùnmí ọmọ mi,

Oṣù méjì gbáko, o ò kọ̀wé. O pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo rí i tí fóònù ń tàn, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé n kò lè gbọ́. Àbí torí pé n kò lè gbọ́ lo ṣe ń pè?

N kò kọ èyí láti bá ọ jà. Nǹkan ṣe mí. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo da irúgbìn ilá inú ìgò sórí àtẹ kí oòrùn lè pa á díẹ̀ kí àkókò gbígbìn tó dé. Wọ́n pe ìrun Àsárì, mo wọlé lọ kírun. Nígbà tí mo jáde, adìyẹ mẹ́rin ló wà lórí àtẹ, ọ̀kan nínú wọn ń nu ẹnu. Kò ku ẹyọ kan. Adìyẹ Ìyá Jésùlayọ̀mi ni o, obìnrin kan náà tó ń ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò. Kó kà á dáadáa. Ó ti bẹ̀ mí títí, ó fún mi ní ọ̀kan nínú wọn, mo sì pa á jẹ. Kò tiẹ̀ dùn.

Ọmọ mi, ìdí tí mo fi pín in sí méjì nìyẹn. Ọwọ́ ẹ nìkan ló kù sí báyìí. Bó bá jẹ́ pé o ò rójú ya fọ́tò ẹ̀, n kò bínú mọ́. Ṣáà bá mi tọ́jú ogún péré nínú irúgbìn ẹ̀, kó o fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé. Ọkàn mi balẹ̀ pé ó wà lọ́dọ̀ ẹ.

Bàbá ẹ.


Nítòsí Tarragona
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì, 2024

Bàbá mi,

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin.

Kò sí ilá. Láti oṣù kọkànlá ni kò ti sí. Mẹ́rin péré ló hù, wọ́n yọ ewé méjì méjì, wọ́n dúró sójú kan, wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n kú. Mo gbẹ́ ilẹ̀ wo àwọn yòókù, wọ́n ti jẹrà. Fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́, ẹ̀wà Ìyá Montse ni lóòótọ́. Mo ní n ó rí ọ̀nà gbà kí ẹ tó mọ̀. Ẹ ní ọkàn yín balẹ̀ pé ó wà lọ́dọ̀ mi, n kò sì lè sùn láti ìgbà tí mo ti kà á.

Bàbá mi, òjò ibí yàtọ̀ sí tiwa. Nílé, ooru wà, òjò á wá bá a, nǹkan á hù. Níbí, àwọn méjèèjì kì í pàdé. Òjò àti òtútù ló jọ ń rìn. Bí ooru bá fi máa dé, òjò á ti lọ. Ohun tó bá fẹ́ràn òtútù ni wọ́n ń gbìn sí òjò: kábéèjì, àlùbọ́sà, ẹ̀wà ńlá inú fọ́tò yẹn. Tòmátò, ata àti ìgbá, ìgbà tí òjò bá ń parí lọ ni wọ́n ń gbìn ín, tí wọ́n á máa fọwọ́ ara wọn bomi rin ín títí ìgbà ooru á fi kọjá. Gbogbo ọmọdé ibí ló mọ̀ ọ́n. Ìyá Montse mọ̀ ọ́n. Òtútù tó ń júwe fún mi lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe tirẹ̀, ti ilá ni. Èmi lọ ń mú súwẹ́tà wá.

Mo ti pa ilá Màámi, mo tún parọ́ fún yín lé e. Ẹ bú mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́ sí mi.

Ìbíwùnmí.


Ìbògùn
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì, 2024

Àbúrò mi,

Ìyá Jésùlayọ̀mi ló ń kọ èyí. Orí ìdúró ni Bàbá ti ka lẹ́tà yín. Wọ́n ká a sí àpò, wọ́n sì jáde. Wọn ò tiẹ̀ bú adìyẹ mi. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà, wọ́n ń ro ibi tí kò sí koríko. Mo ní kí wọ́n fún mi ní èsì kí n fi ránṣẹ́, wọ́n ní kò tí ì sí. Mò ń fi yín sínú àdúrà. Mo ti so àwọn adìyẹ náà mọ́lẹ̀.


Ìbògùn
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì, 2024

Ìbíwùnmí ọmọ mi,

Inú bí mi. N kò ní í parọ́ fún ọ, ẹnì kan ti parọ́ tó nínú ẹbí yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bá ọ jà nínú ọkàn mi, mo sì ń borí. Títí di àná tí mo lọ hú ìwé ìkọ́ni mi àtijọ́ jáde, kí n lè fi ibi tí o ti ṣàṣìṣe hàn ọ́. Mo ṣí i, mo bá ọwọ́ ara mi níbẹ̀: “Ohun mẹ́ta ni irúgbìn ń fẹ́ kó tó hù: omi, afẹ́fẹ́, àti ooru.”

Ooru! Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ ọ́ sójú pátákó fún ọmọ ẹlòmíì, n kò sọ ọ́ fún ọmọ tèmi. Kò wá sí mi lọ́kàn. Níbí, ta ní ń wá ooru? Òun ló ń wá wa. Èmi ni mo ní kó o dúró de òjò, o dúró de òjò. Èmi ni mo jẹ̀bi ilá. Fọ́tò ẹ̀wà ni tìẹ, n kò sì tí ì dárí ìyẹn jì ọ́.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Àjákù ìró yẹn ṣì wà lára ìṣó?

Ìyá ẹ kì í ta irúgbìn ní kókó kan. Méjì ló máa ń ta. Kókó ńlá wà láàárín aṣọ, ti gbígbìn. Kókó kékeré wà ní igun aṣọ, ti àṣìṣe. Bí òjò bá dá, bí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́, bí ọkọ ẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á lọ tú ti igun. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ní ń fi irúgbìn pa mọ́ de àṣìṣe. Á ní, “Olùkọ́, ìwọ nìkan ni o kì í ṣì í.” Lọ́jọ́ tí mò ń di tìẹ, bó ṣe máa ń ṣe é ni mo ṣe é, ọwọ́ mi kàn ń tẹ̀ lé ọwọ́ ẹ̀ ni. Tèmi ni mo wá dà sínú ìgò bí ọ̀mọ̀wé. Ìgò ò ní igun.

Bí aṣọ náà bá ṣì wà, tú u wò. Bí o bá ti fọ̀ ọ́ tàbí o ti sọ ọ́ nù, rọra sọ fún mi.

Bàbá ẹ,
tí kì í ṣì í.


Nítòsí Tarragona
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta, 2024

BÀBÁ MI!

Mọ́kànlá! Mọ́kànlá ló wà níbẹ̀!

Ojoojúmọ́ ni mò ń rí kókó yẹn, mo rò pé ibi tí aṣọ ti ká jọ ni. N kò fọ̀ ọ́, torí òórùn ilé. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Montse fi rò pé mo ṣubú, ó wá bá mi nílẹ̀ tí mò ń sunkún lórí irúgbìn ilá. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe lè ṣe é. Ó jókòó ti mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó kó o sínú agolo bísíkíìtì, ó ti agolo náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi kọ́kọ́rọ́ sínú àyà. Ó ní òun ò ní í ṣí i títí di oṣù karùn-ún. Mo ní ó dáa, Mà. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò mú súwẹ́tà wá.

Ẹ ṣeun, Bàbá mi. Ẹ ṣeun Màámi.

Ìbíwùnmí.


Ìbògùn
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin, 2024

Ìbíwùnmí ọmọ mi,

Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin níbí. Ilẹ̀ ń rùn dáadáa. Gbogbo èèyàn ti gbin àgbàdo, ilá ọjà lásán-làsàn ni Olúsànyà gbìn, ó ti hù, ó sì ń pè mí wá wò ó ní àràárọ̀. Irúgbìn ìyá ẹ wà nínú agolo bísíkíìtì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà láyà obìnrin tí n kò rí rí.

Ẹ tiẹ̀ ní títí òjò á fi lọ! Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí, ká máa dúró kí òjò lọ ká tó gbin ilá? Ó ń ṣe mí bíi kí n kígbe. Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́ta pé kó o gbìn ín, mo ti fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya. N kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Bi ìyá náà bóyá ọjọ́ mélòó kan kò lè yọ nínú ẹ̀.

Bàbá ẹ.


Nítòsí Tarragona
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà, 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Mo bi Ìyá Montse bóyá ọjọ́ mélòó kan kò lè yọ nínú ẹ̀. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun bọ̀wọ̀ fún olùkọ́, ṣùgbọ́n rárá.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún, ó bọ́ bàtà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó wá yọ kọ́kọ́rọ́. Ó ní bí ilẹ̀ ò bá ti tutù sí ẹsẹ̀ òun mọ́, ó tó. A rẹ irúgbìn sómi di ọjọ́ kejì, a gbìn ín sí ẹ̀bá ògiri tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ inú òkun kò ti lè débẹ̀. Kò sí òjò látìgbà náà, ojú ọ̀run mọ́ bí àwo. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ihò wẹ́wẹ́ la tẹ́ sílẹ̀, omi á máa kán sí ìdí ẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mẹ́jọ ló hù nínú mọ́kànlá. Ìgbín kékeré jẹ ọ̀kan. Mo ka ìgbín yẹn sí adìyẹ Ìyá Jésùlayọ̀mi. Méje ló kù.

Fọ́tò nìyí. Ẹ fi ojú yín tí kò fọ́ wò ó.

Ìbíwùnmí.


Ìbògùn
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹfà, 2024

Ìbíwùnmí ọmọ mi,

Ó ní ìka. Mo kà á: ìka márùn-ún lórí ewé kan. Mo gba dígí ojú Olúsànyà, mo wo igi rẹ̀. Ó pọ́n.

Òun ni. Mo ti dárí fọ́tò ẹ̀wà jì ọ́.

Bó bá so, má ká àwọn ti ìsàlẹ̀ o. Jẹ àwọn ti òkè. Jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ gbó, kó gbẹ lórí igi, títí tí wàá fi gbọ́ tí irúgbìn ń ró nínú ẹ̀ bó o bá mì í. Ìwọ lo ní etí, bá mi gbọ́ ọ. Sọ fún ìyá náà pé mo kí i. Sọ fún un pé mo kọ ti ẹsẹ̀ yẹn sínú ìwé ìkọ́ni mi.

Bàbá ẹ.


Nítòsí Tarragona
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá, 2024

Bàbá mi,

Mo gbọ́ ọ. Mo mì í létí ọ̀tún, mo mì í létí òsì. Ó ró ṣàkàṣàkà.

A jẹ ilá ní gbogbo oṣù kẹjọ. Nígbà tí Ìyá Montse kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, tó gbé ṣíbí sókè, tí ọbẹ̀ ń fà tẹ̀ lé e, ó wo ọbẹ̀, ó wo mi, ó ṣe àmì àgbélébùú sí àyà. Ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́ tán. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ṣé ó kù.

Òjò ti padà dé lánàá. Mo hú àwọn igi ilá tó ti parí, mo gbin ẹ̀wà sí àyè wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀wà inú fọ́tò. Gbémiga á mú irúgbìn wá fún yín kí ọdún tó parí. Àjákù ìró yẹn náà ni mo fi dì í, torí ọ̀dọ̀ yín ni àyè rẹ̀ wà. Ó nira fún mi láti yọ ọ́ lára ìṣó. Mo ta kókó ńlá, mo ta ti igun. Ìyá Montse ní kí n fi díẹ̀ sílẹ̀ fún òun náà. Ó dì í sínú áńkáṣífù ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ó wò mí ta tiwa, ó sì ta kókó méjì.

Ẹ má da tiyín sínú ìgò o.

Ọmọ yín,
Ìbíwùnmí.


Ìbògùn
Ọjọ́ kejì, oṣù keje, 2025

Ìbíwùnmí ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ, àti fún ìyá tó ní kọ́kọ́rọ́.

Mo gbìn ín ní oṣù kẹrin, lọ́jọ́ kejì òjò. Níbí, òjò ò tí ì parọ́ fún mi. Ogójì ìdí ló wà lẹ́yìnkùlé báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń kọjá ń dúró wò ó. Olúsànyà ti tọrọ irúgbìn. Mo ní kó lọ wá aṣọ tó ní igun wá ná. Kókó kékeré wà nínú àpótí mi, n kò tú u. Mo so ó mọ́ ìró ìyá ẹ tó kù.

Lánàá, mo ká àkọ́kọ́. Mo ní kí Ìyá Jésùlayọ̀mi bá mi sè é, nítorí ó jẹ mí ní gbèsè adìyẹ mẹ́ta. Mo bu tèmi, mo sì bu díẹ̀ sínú àwo ìyá ẹ, àwo olódòdó yẹn, mo gbé e sí iwájú àga rẹ̀. N kò mọ ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gbé òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu, bó ṣe fà, bó ṣe dùn, ó dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti Ìbafò tó ń bọ́ gèlè ni.

Ẹni tó bá sọ fún ọ pé mo sunkún, má dá a lóhùn. Ata ọbẹ̀ náà ló pọ̀ jù.

Bàbá ẹ,
Ṣàràfá Ọmọlabí.

Àbúrò mi, ẹ kú oríire o. Èmi ni mo se ọbẹ̀ yẹn. Ẹ rántí pé dókítà ti ka ata léèwọ̀ fún wọn. N kò fi ẹyọ kan sí i.